“Inú Rírun” Tí Mo Kọ́ Yín Láti Máa Kọ

Kí n tó kí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Láti àárọ̀ ni mo ti ń pe ọmọ mi obìnrin, kò gbé fóònù. Òdìkejì ìlú yìí ló ń gbé. Àìsàn ìfun tó ń wú, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ló ń bá a fínra láti ilé ìwé gíga. Tí kò bá ti gbé fóònù, ọkàn mi kì í balẹ̀ mọ́.

Ó dáa. Alága wa, mo kí yín. Ẹ̀yin dókítà àgbà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ẹ ń ti aláìsàn lórí kẹ̀kẹ́, ẹ̀yin àlejò wa, mo kí gbogbo yín pátá. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sídìí tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá pàjáwìrì, tí mò ń béèrè ohun tó ń ṣe aláìsàn, tí mò ń kọ ọ́ sórí káàdì. Ìyá Káàdì lẹ̀ ń pè mí. Ẹ ní ọwọ́ mi yá. Ṣé ẹ mọ ohun tó mú un yá? Ẹni tó bá ti di ikùn mú, “inú rírun” ni mo ń kọ fún un, ó di bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, níbi tí àwọn tí àìsàn wọn kò le ti ń dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ́ àwọn akọ̀wé tuntun.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́jọ́ ìsinmi mi, ọmọ mi dá wá síbí.

Akọ̀wé tí mo kọ́ níṣẹ́ ní, “Inú rírun ni, àbí?”

Ọmọ mi ní, “Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, mà.”

“Àǹtí, ṣebí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ lọ jókòó.”

Ẹ̀rín ìtìjú ni. Oògùn tó ń lò kí ìfun má baà wú ti bo ìrora mọ́lẹ̀, kò lè ké bí ẹlòmíràn ṣe ń ké. Wákàtí mẹ́rin ló fi jókòó, ibà ń mú un, ikùn rẹ̀ ń le bíi pákó. Nọ́ọ̀sì àgbà tó jókòó níwájú mi yìí ló ń kọjá lọ, tó fọwọ́ kàn án, tó ní, “Ta ló fi ọmọ yìí síbí?” Ìfun ti fẹ́ bẹ́. Ẹ fa omi sí i lára, ẹ ya àwòrán ikùn rẹ̀, ẹ gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ gé ibi tó bà jẹ́ kúrò. Ẹ gbà á là. Mi ò ní gbàgbé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gba káàdì náà wò, tí mo fẹ́ fa ẹni tó kọ ọ́ ya, “inú rírun” tí mo fi kọ́ ọ ni mo bá níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ara mi. Ẹ̀bi mi ni. Mo jẹ́wọ́.

Láti ìgbà náà, ìwé márùn-ún ni mo ti kọ sí ọ́fíìsì yín pé kí ẹ tẹ ìbéèrè mẹ́ta sórí káàdì: ṣé àìsàn ìfun wà lára tẹ́lẹ̀? Oògùn wo lò ń lò? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde? Ẹ̀ ń dá mi lóhùn pé, “Ìyá Káàdì, ẹ jẹ́ ká wò ó ná.” Ọdún mẹ́ta lẹ fi ń wò ó. Kí lẹ̀ ń wò gan-an? Aago ògiri lẹ wá fún mi lónìí tí mò ń fẹ̀yìn tì. Ó dára, ẹ ṣeun. Ká ní ó wà lókè bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn lọ́jọ́ yẹn, bóyá ẹnìkan ìbá ka wákàtí mẹ́rin.

Kí iṣẹ́ má pa yín lára. Kí ọmọ yín má jókòó síbi tí kò yẹ kó jókòó sí. Alága, ẹ má fi ẹnu dá mi lóhùn níbí, ẹ kọ ọ́ síwèé, kí ó tètè tẹ̀ mí lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà yín ni ọmọ mi wà báyìí tí kò fi gbé fóònù, káàdì àtijọ́ tí kò ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn náà ló máa bá.

Ẹ ṣé o. Mò ń retí ìwé yín.