Òkúta Lọmọ Mi Ń Kà

Níbi tí a ti ń dúró de ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Erunmu, obìnrin kan bi ìyá àgbà tó ń pọ́n ọ̀bẹ lórí òkúta pé, "Ìyá, ṣé òkúta lásán lọmọbìnrin yín lọ ń kà ní yunifásítì?"

"Òkúta ni. Ó ní iyanrìn ni eléyìí tẹ́lẹ̀. Omi ló kó o jọ, iyanrìn mìíràn wá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, títí ohun tó yòrò nínú omi fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bíi sìmẹ́ńtì. Láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ ni mo ti ń lò ó, n ò mọ̀. Ọmọ mi ló sọ fún mi."

Ó rọra tún un sọ: "Ọmọ mi."

Obìnrin náà fọwọ́ pa òkúta náà, ó ní, "Bó bá wálé, ẹ jẹ́ kó bá ọmọbìnrin tèmi náà sọ̀rọ̀."