Èmi Ni Mo Yan Pawa Sọ́pláì Náà, Kì Í Ṣe Ràṣídì

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tán. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí sínú, àmọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi mọ́.

Mò ń to kọ̀ǹpútà ní Mowe. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó lágbára, tí wọ́n lè fi gbá géèmù, tí wọ́n sì lè fi ṣe fídíò, èmi ni mo máa ń bá a yan gbogbo ohun tó máa wà nínú ẹ̀. Èmi àti Ràṣídì, ọmọ Ìkirè, la jọ ń ṣiṣẹ́. Mo jù ú lọ, "ẹ̀gbọ́n" ló ń pè mí.

Ọkùnrin kan tó ń ya fídíò ìgbéyàwó ní Ibafo ní ká to èyí tó ga jù fún òun. Nígbà tó kan pawa sọ́pláì, ìyẹn àpótí irin tó ń fún gbogbo ẹ̀rọ náà níná, mo ṣe bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe: mo gbé e lọ́wọ́ wò. Èyí tó bá wúwo la máa ń gbà pé ó jẹ́ ojúlówó. Eléyìí wúwo bí òkúta. Ràṣídì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká tú u wò." Mo jágbe mọ́ ọn pé ṣé òun ló kọ́ mi níṣẹ́ ni. Ẹ ò rí ìgbéraga!

Lọ́jọ́ kẹrin tó gbé kọ̀ǹpútà náà délé, pawa sọ́pláì náà bú gbàù. Iná bó ọwọ́ ọkùnrin náà títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ọ̀sán gangan làwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta ya wọ ṣọ́ọ̀bù wa tàwọn ti pákó, wọ́n gbé pawa sọ́pláì náà dání. Wọ́n fi òòlù fọ́ àpótí náà lójú wa. Irin lásán ni wọ́n kì sínú ẹ̀ kó lè wúwo.

"Ta ló yan eléyìí?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù bà mí. Mo nàka sí Ràṣídì.

Kò tíì lanu tí pákó fi bà á lórí. Wọ́n lù ú, wọ́n fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bo iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ń pariwo, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn!" Ọ̀kan nínú wọn wá kọjú sí mi, ó ní àbí àwa méjèèjì la jọ mọ̀ sí i ni. Háà! Mo fa wáyà kan yọ, mo fi na Ràṣídì lójú, kí wọ́n lè gbà mí gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló fọ́ ojú òsì rẹ̀. Kì í ṣe àwọn, èmi ni.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo gbé e lọ sọ́sibítù. Ìyẹn nìkan ni Súlíà ìyàwó rẹ̀ gbọ́. Ó ní èmi ni Ọlọ́run lò tí ọkọ òun fi wà láàyè. Láti ọjọ́ náà Ràṣídì ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò sì ṣiṣẹ́. Wọ́n kó lọ sí Ìkirè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n dé. Súlíà kúnlẹ̀ síbi tí ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ ti ṣàn. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa jókòó tì yín ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́lòmíì tó fọkàn tán." Ràṣídì ń fi ojú kan tó kù wò mí, omi ń dà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ wò ó, ayọ̀ ló ń pa á lẹ́kún."

Mo ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ta ni kí n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún: Ràṣídì tó mọ̀, àbí ìyàwó rẹ̀ tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi?