Ọkọ̀ Méjì Tó Lọ Pàdé Ìyá Wa

Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí irun orí mi ṣì dúdú kirikiri… ẹ gbé fóònù yẹn kalẹ̀ ná. Láti àárọ̀ lẹ ti ń jà lórí ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ti àtijọ́ àti ti ìgbàlódé, èwo ló dáa jù. Èmi mọ irú méjèèjì. Ìtìjú ni wọ́n fi kọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá àwọn Sàkíráh, ní Ímpálà kan. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ ni, onílẹ̀kùn mẹ́rin, pístìnì mẹ́jọ nínú ẹ́ńjìnnì! Bó bá gbéra ní Ṣakí, ẹ ó rò pé òjò ń kù ni. Àmọ́ ọ̀dà rẹ̀ ti bó.

Ọ̀rẹ́ mi kan wá gbé Mọ́stáńgì pupa dé láti Kútọnu. Tuntun ni, ilẹ̀kùn méjì péré. Ẹ gbọ́, ká sọ tòótọ́, ní ti eré, Ímpálà ò lè bá a. Ní ti ìjókòó… ẹ jẹ́ n débẹ̀.

Lọ́dún tí ìyá wa lọ Mẹ́kà, nígbà tí wọ́n ń bọ̀, Ìsẹ́yìn ni bọ́ọ̀sì já gbogbo wọn sí, kí ẹbí kálukú wá gbé èèyàn wọn. Lónìí ńkọ́? Ẹ ó rán ọlọ́kadà! Àkọ́bí ló yẹ kó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti fọ Ímpálà, wọ́n fọ̀ ọ́ títí. Èmi ò fẹ́ kí ìyá mi fi ọkọ̀ tó bó wọ̀lú. Mo yá Mọ́stáńgì, mo wá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ọ̀túnla làwọn tó lọ Mẹ́kà ń bọ̀. Irọ́ ni. Ọ̀la ni. Ọmọ ìyá mi ni mo purọ́ fún.

Ní Ìsẹ́yìn, ìyá wa wò yíká. "Bàbá Sàkíráh dà?"

Mo ní, "Wọ́n wà nílé, màmá."

Ṣé ẹni iyì ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà nígbà yẹn? Ẹ̀yìn lọ̀wọ̀ wà. Mo tẹ síítì iwájú, mo ti ìyá mi sẹ́yìn Mọ́stáńgì, níbi tí kò gba ju ọmọdé lọ. Orúnkún wọn kan àyà. A kọjá Ìpàpó, tẹ̀sùbáà wọn ni mò ń gbọ́. Èmi ń sáré, àwọn èèyàn ń juwọ́, inú mi ń dùn… òmùgọ̀!

Ní Òtù, wọ́n ní, "Làsísì, dúró. Mi ò mọ ẹsẹ̀ mi mọ́."

Èmi àti ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà la jọ fà wọ́n jáde. Ìborùn wọn bọ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Tèmi ò tilẹ̀ lo ọjọ́ kan. Ímpálà yọ láti ọ̀nà Ṣakí. Ẹnì kan ti ta ẹ̀gbọ́n mi lólobó. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

Ìyá wa ní, "Ṣé o ò fẹ́ pàdé mi ni?"

"Ọ̀la ni mo gbọ́, ìyá mi."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi ò wò mí. Wọ́n ní, "Èmi ni mi ò gbọ́ ọ dáadáa."

Ìyá wa wọ Ímpálà, wọ́n na ẹsẹ̀. Èmi nìkan ni mo wa ọkọ̀ pupa tẹ̀ lé wọn, eruku wọn ń bò mí.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bi mí léèrè rí títí wọ́n fi kú. Ká ní wọ́n gbá mi létí lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá ti gbàgbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ní ẹ̀gbọ́n láyé, ẹ tètè jẹ́wọ́. Èmi, ibojì ni mo jẹ́wọ́ fún… ibojì ò sì lè sọ pé "mo ti dárí jì ọ́."