Ikọ́ Tí Ọmọ Mi Ń Bá Mi Wú

Ìjẹta ni, ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ, nígbà tí tíṣà ọmọ mi pè mí lórí fóònù pé kí n wá mú un nílé ìwé. Mo rántí aago náà nítorí pé mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n gbé ìpè yẹn, tó sì fún mi ní èémí tí mo fi dúró síwájú yín láàárọ̀ yìí. Èémí náà kò gùn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Púpọ̀ nínú yín mọ̀ mí. Èmi ni Fúnmiláyọ̀, ọmọ Màmá Fúnmi tó ń ta àgbàdo ní Ìwàrò-Ọ̀kà níbí. Ìkàrẹ́ ni mò ń gbé pẹ̀lú Ìbùkún, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ tó wà ní píráímárì kẹta. Àbújá ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìparí oṣù ló ń wálé. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín kò mọ̀ ni orúkọ àìsàn mi, nítorí pé a fi pamọ́. Jẹjẹrẹ ni. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló wà. Mi ò mu sìgá rí. Mo bi dókítà pé kí ló fà á, ó ní òun ò mọ̀. Nínú gbogbo ìdáhùn tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ènìyàn, ìyẹn ni mo gbà gbọ́ jù.

Lẹ́yìn ìgbà kẹta tí wọ́n fa oògùn sí mi lára, ikọ́ náà dá. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mi ò fi wúkọ́. Àárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni Ìbùkún wá lo ìsinmi ráńpẹ́ lọ́dọ̀ ìyá mi, wọ́n sì jọ wá sí ìsìn. Ìyá mi jáde wá sí ibi tí mo dúró sí yìí gan-an, wọ́n jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti wò mí sàn pátápátá, pé mi ò ní wúkọ́ mọ́ láé. Ẹ ké halelúyà. Ẹ ò ṣe ohun tó burú. Ohun tí ẹ gbọ́ ni ẹ yọ̀ sí. Wọ́n wá fa Ìbùkún síwájú, wọ́n gbé máìkì sí i lẹ́nu, wọ́n ní, “Ìbùkún, ṣé ìyá ẹ ṣì ń wúkọ́?”

Ọmọ náà ní, “Rárá, mà.”

Òótọ́ ló sọ. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò wúkọ́. Kí wọ́n tó padà sí ìjókòó, ìyá mi fi kún un pé ẹni tó bá sẹ́ ẹ̀rí Ọlọ́run, àìsàn ọ̀hún á padà, á sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tó di ogúnjọ́, ikọ́ padà.

Kò pẹ́ tí Ìbùkún náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bí mo bá wú u ní yàrá, òun á wú tirẹ̀ ní pálọ̀, kíkankíkan. Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò wa. Wọ́n fún un ní ṣírọ́ọ̀bù àti oògùn oníhóró kan tó korò bí ewúro. Ikọ́ náà kò lọ. Dókítà ti sọ fún mi pé jẹjẹrẹ kì í ràn, mo sì gbà á gbọ́, síbẹ̀ mo gbé ibùsùn rẹ̀ jìnnà sí tèmi, mo ní kó má fi ife mi mu omi. Mo gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ rí bíi tèmi kò yẹ kó gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà á.

Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì. Bí nǹkan bá rú mi lójú, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mú ìwé kan, mò ń kọ àkókò tí mo wúkọ́ àti àkókò tí òun náà wúkọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, mo rí i pé tirẹ̀ kò ṣáájú tèmi rí. Mo jókòó tì í nígbà tó ń sun oorun ọ̀sán, kò wúkọ́ rárá. Bí àlejò bá sì wà nílé, ṣe ni ikọ́ rẹ̀ máa ń le sí i. Mi ò tíì mọ ohun tí gbogbo rẹ̀ túmọ̀ sí nígbà tí tíṣà fi pè.

“Ìyá Ìbùkún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá mú un. Ikọ́ yìí ti pọ̀ jù, ẹ̀rù ti ń ba àwọn ọmọ yòókù.”

Mo gun ọ̀kadà lọ. Ó ń wúkọ́ lóòótọ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Rùkáyá ló jókòó tì í, ọmọ Alájà tí a jọ ń gbé nínú ọgbà kan náà. Rùkáyá ò dúró kí n bi òun.

“Ó sọ fún gbogbo kíláàsì pé Ọlọ́run ti wò yín sàn, mà. Mo ní a ṣì ń gbọ́ ikọ́ yín látinú kíṣìnnì wa. Ó ní irọ́ ni, òun ló ni ikọ́. Mo ní kó wú u ká gbọ́.”

“Ó sì ń wú u látìgbà yẹn?”

“Láti àsẹ́ńbìlì, mà. Mo ti ní ó ti tó. Olórí kunkun ni.”

Nígbà tí a délé, mo gbàdúrà kí n tó la ẹnu. Mi ò gbàdúrà fún ẹ̀dọ̀fóró mi. Mo ní, Olúwa, fún mi ní ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè gbé. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé ta ló ni ikọ́.

Ó wá ní, “Mọ́mì, èmi ni mo sọ ọ́ nínú máìkì pé ẹ ò wúkọ́ mọ́. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ ṣì ń wú u, mo ti sẹ́ ẹ̀rí nìyẹn. Ẹ máa wá kú.”

Ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ yìí fi rò pé ọ̀fun òun ni ẹ̀mí mi rọ̀ mọ́. Ó ń gbé oògùn kíkorò mì fún àìsàn tí kò ṣe é.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ òótọ́ fún un, ẹnu mi ò gbà á. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbà á. Mi ò lè fi ìṣirò fi hàn yín pé ìdáhùn àdúrà ni; mo kàn mọ ohun tí mo béèrè àti ohun tí mo rí gbà. Mo dárúkọ àìsàn náà fún un. Mo ní oògùn ti mú kó súnkì, pé mo fojú ara mi rí i nínú àwòrán àyà mi, ṣùgbọ́n kò tíì tán. Mo ní òótọ́ ni ohun tó sọ lọ́jọ́ tó sọ ọ́, pé ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé kọ́ ló dá ikọ́ padà.

“Ṣé ẹ máa kú?”

“Mi ò mọ̀. Ọjọ́ tí mo bá mọ̀, mi ò ní fi pamọ́ fún ẹ.”

Ó rò ó. “Ṣé mo ṣì máa lo oògùn yẹn?”

“Rárá.”

“Ẹ ṣé, mà. Kò dáa lẹ́nu rárá.”

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà mú mi wúkọ́, òun náà sì wú tirẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́. Ó ní, “Ìyá àgbà Ọ̀kà ńkọ́? Àwọn ló ní á burú ju ti tẹ́lẹ̀.”

Ìdí tí a fi wá lánàá nìyẹn. Inú ìyá mi ò dùn.

“Ṣé kí n lọ sọ fún ìjọ pé mo parọ́ ni?”

“Ẹ ò parọ́, mà. Ẹ kánjú ni.”

“Ẹni tó ń dúpẹ́ kì í kánjú jù, Fúnmi. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ kàn ń wọn nǹkan ṣáá ni.”

Mo ṣí ìwé mi, mo kà á fún wọn: aago tí mo wúkọ́, aago tí Ìbùkún wú tirẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n ka ojú ìwé kan tán. Wọ́n pe ọmọ náà, wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀ bó ṣe ga tó yẹn.

“Ọ̀rọ̀ tí mo fi kún un lọ́jọ́ọ̀sí, èmi ni mo fi kún un. Ọlọ́run ò rán mi. Ṣé o gbọ́? Fi ikọ́ ìyá ẹ sílẹ̀ fún ìyá ẹ.”

Wọ́n ní àwọn ò lè dìde sọ ọ́ fúnra wọn, pé kí n sọ ọ́, àwọn á jókòó níbi tí mo ti máa rí àwọn. Wọ́n wà níbẹ̀ yẹn.

Mi ò lè sọ fún yín pé mo ti san. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n tún máa fa oògùn sí mi lára. Ẹ máa bá mi gbàdúrà, ìyẹn ṣì kù. Ìyìn tí mo mú wá kéré, ṣùgbọ́n mo ti wọ̀n ọ́n, kò dín: Ọlọ́run gbé ẹrù tí kì í ṣe ti ọmọ kúrò lọ́rùn ọmọ mi. Ẹ bá mi yọ̀ lórí ìyẹn, ẹ má fi nǹkan kan kún un. Láti ọ̀sán àná, mo ti wúkọ́ nígbà mọ́kànlá, mi ò sì gbọ́ tirẹ̀. Bó ṣe máa rí lọ́la, mi ò mọ̀.

Kí n tó gba máìkì yìí, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo yín gbọ́. Ìjókòó kejì ni Ìbùkún wà. Ó fi ìgúnpá tọ́ ìyá àgbà rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé omi fún mi.