Aṣọ Tí A Dà Bo Ẹ̀rọ

Alága wa, Alàgbà Fọlárìn, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà lórí àga iwájú, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin àlùfáà tí ẹ jọ jókòó sórí ìlà kan náà láìjà, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Nuala, ọ̀gá mi tó kọ̀ kí n máa pe òun ní mà, tí kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí mò ń sọ ṣùgbọ́n tó ń mi orí, mo kí ọ. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ gbọ́ Yorùbá tí ẹ kì í fẹ́ fi fèsì, ẹ kú ìjókòó o, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ mi. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí Ọláníkẹ́ fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó ti ìfẹ̀yìntì. Àwọn kan ní mo fẹ́ lọ kọ́lé sí Ìbàdàn. Àwọn kan ní èmi àti Nuala jà. Màá dáhùn kí n tó jókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi kì í dáhùn ìbéèrè kan kí èmi náà má kọ́kọ́ bi èèyàn ní mẹ́ta.

Ìbéèrè náà ló kúkú gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ìlú yìí, tí a ṣì ń retí ìwé ìgbélùú, ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé iná kì í lọ. Nílé lọ́hùn-ún, iléeṣẹ́ kan ló ń mú iná wá, òun náà ló ń mú un lọ, gbogbo wa sì mọ ẹni tí a ó bú. Níbí, ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn mi, ó ní òun ń ta iná. Kò pẹ́, òmíràn dé, ó ní tòun dára ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wáyà tiyín dà?" Ó ní wáyà kan náà ni. Mo ní mítà ńkọ́? Ó ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan mítà. Mo ní iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ńkọ́, ṣé ó yàtọ̀? Ọkùnrin náà ní, "Missus, it's the same yoke," pé nǹkan kan náà ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí wá ni wọ́n ń tà?

Mo gbé ìbéèrè yẹn lọ sí ọ́fíìsì ìmọ̀ràn wa ní Corduff níbí. Nuala ló jókòó tì mí. Ó ní àwọn tó ń tọ́jú wáyà yàtọ̀ sí àwọn tó ń tajà, pé àwọn tó ń tajà pọ̀, wọ́n sì ń já oníbàárà gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, àti pé nítorí ìdíje yẹn ni òfin fi wà, kí wọ́n má baà tẹ ẹni tó ń rà mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sáré. Mo bi í pé ta ló ń ṣọ́ wọn. Mo bi í pé ta ló ń ṣọ́ ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Nígbà tí mi ò jẹ́ kó jẹun ọ̀sán, ó ní kí n kúkú wá máa bá àwọn ṣiṣẹ́. Nuala, abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó lè dá ẹni tó ń bi lágara. O ò lé mi rí. Ẹni tó bá ti bínú kúrò lórí ìlà torí pé mo pẹ́ jù lórí fóònù, kó dárí jì mí. Ẹ̀yin iléeṣẹ́ iná tí ẹ fi orin sí mi létí títí tíì mi fi tutù, èmi náà ti dárí jì yín.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Rafiat. Wọ́n wà níwájú yìí, wọ́n sì ti gbà kí n sọ ọ́.

Iléeṣẹ́ iná kan, tí mi ò ní dárúkọ, gba ọmọbìnrin Yorùbá kan síṣẹ́, pé kó máa kan ilẹ̀kùn àwọn èèyàn wa. Tẹ́ní ni. Ẹ má yíjú wò ó, ojú ń tì í. Tẹ́ní ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni o. Ohun tó ń ṣe kò ju pé bí àgbà bá ṣílẹ̀kùn, á kúnlẹ̀ kí wọn lórí síméǹtì, nínú òjò. Ta ni nínú yín ló máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tó kúnlẹ̀ sínú òjò? Wọ́n á ní kó wọlé. Wọ́n á bu oúnjẹ fún un. Bó bá jẹun tán tó mú tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde pé, "Ẹ bá mi fọwọ́ sí ibí yìí, mà," ẹnu ta ló gbà á láti sọ pé rárá? Àdúgbò wa ya lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ náà. Mo rò pé àwọn tó kọ òfin yẹn ń ronú nípa òǹtàjà tó ń fipá mú èèyàn. Ti òǹtàjà tó ń kúnlẹ̀ kò sí lọ́kàn wọn.

Èmi àti Ìyá Rafiat ń ṣa ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jà Moore Street lọ́jọ́ kan nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé àwọn náà ti di oníbàárà ọmọ dáadáa yẹn. Mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọwọ́ mi kalẹ̀. Ìyá Rafiat ní ẹ̀rọ nílé tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti mí. Iléeṣẹ́ iná wọn àtijọ́ mọ̀, torí nọ́ọ̀sì ti bá wọn fi orúkọ wọn sílẹ̀ láàárín àwọn tí iná jẹ́ ẹ̀mí fún, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já iná wọn, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún kí wọ́n tó pa iná láti ṣàtúnṣe. Ti tuntun yìí ńkọ́? Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ sọ ti ẹ̀rọ fún wọn?" Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ wo? Alihamudulilahi, ara mi le."

Mo pe Tẹ́ní wá sí ọ́fíìsì. Mo ti múra ìjà. Mo ní ṣé wọn ò kọ́ ọ pé kó béèrè bóyá ẹnì kan ń lo ẹ̀rọ ìwòsàn nínú ilé ni? Ó ní, "Wọ́n kọ́ mi, mà. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, tí mo ń jẹ oúnjẹ wọn lọ́wọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ bi wọ́n pé àìsàn wo ló ń ṣe wọ́n? Wọ́n á ní mo wá ṣépè fún àwọn. Mo fò ó ni." Ìjà kúrò lára mi. Òótọ́ ló sọ.

Mo lọ bá Ìyá Rafiat nílé. Kí ni mo rí? Ìró aláwọ̀ búlúù kan ni wọ́n dà bo ẹ̀rọ náà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀. Wọ́n ní, "Àlejò dé, ṣé kó wá bá àìsàn lórí àga ni?" Ẹ̀rọ ń kùn lábẹ́ ìró, Tẹ́ní rò pé fíríìjì ni. Àlejò lójú, kò fi ríran. Onílé bò ó nítorí ìwà ọmọlúàbí, àlejò kò béèrè nítorí ìwà ọmọlúàbí, ohun tó yẹ kó dáàbò bo màmá sì dúró síta sínú òjò.

Mo sọ fún wọn pé òfin fún wọn ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti yí ọkàn padà, pé àyè ṣì wà. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti fún ọmọ yẹn lọ́rọ̀, àgbà kì í bá ọmọdé ṣe àdéhùn kó tún yẹ̀ ẹ́. Mo béèrè lọ́wọ́ ara mi nígbà náà pé ṣé màmá ló yẹ kó yí padà, àbí ìbéèrè náà?

Mo mú Tẹ́ní padà lọ síbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀. Ó ní, "Màmá, kí ló wà nínú ilé yìí tí ẹ kò fẹ́ kí iná fi sílẹ̀ láéláé?" Ọmọ ọmọ wọn tó wà lórí àtẹ̀gùn ní, "Just tell her, Nana." Ìyá Rafiat dìde, wọ́n rọra ká ìró yẹn kúrò. Wọ́n ní, "Èyí ni. Òun ló ń bá mi mí." Ibẹ̀ ni Tẹ́ní ti pe iléeṣẹ́ rẹ̀, orúkọ wọn sì wọlé láàárín àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́. Nígbà tí mo ròyìn fún Nuala lọ́fíìsì, ó ní, "That's grand, so," pé ó dára bẹ́ẹ̀, ó sì yíjú sí fèrèsé, torí omi ti dé ojú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè yẹn ni à ń bi èèyàn. Mélòó ni aṣọ tí a ti ká kúrò lórí nǹkan ní Corduff yìí? Onígbàgbọ́ á ní, "Mi ò gba àìsàn lórúkọ Jésù," á wá fi fíríìjì kékeré tí oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ hàn wá. Tẹ́ní fi ọjà títà sílẹ̀, ó wá bá wa, òun ló sì ń gba àga mi.

Mo ṣèlérí ìdáhùn. Ní oṣù tó kọjá, Tẹ́ní fẹ́ fi mí dánra wò, ó bi mí ní ìbéèrè náà. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò sí nǹkan kan. Èmi Ọláníkẹ́. Tẹ́ní, dìde. Má kúnlẹ̀, ilẹ̀ tutù. Tún ìbéèrè yẹn bi mí, kí gbogbo ilé gbọ́.

Ó ní, "Àǹtí Níkẹ́, kí ló wà nínú ilé yín tí ẹ kò fẹ́ kí iná fi sílẹ̀ láéláé?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ mi ni. Kíndìnrín mi ti ń ṣàárẹ̀. Yàrá mi ló wà, aṣọ ìbora pupa ni mo dà bò ó, pásítọ̀ mi gan-an kò mọ̀. Ìdí tí mo fi ń lọ nìyẹn. Kì í ṣe Ìbàdàn, kì í ṣe ìjà. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Kí iná má kú nínú ilé yín. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí á wá ẹni tó máa béèrè wa tì. Kí ẹnu wa má wúwo lọ́jọ́ tí ìbéèrè náà bá dé. Ìyá Rafiat, ẹ ṣeun tí ẹ kọ́kọ́ ká tiyín.

Tẹ́ní, kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi.