Ilẹ̀kùn Tó Kọjú Sí Títì

Ó ti tó kí n sọ ọ́. Bí mo bá tún gbé e mì, bóyá n kò ní rí ẹnu sọ ọ́ mọ́, nítorí ibà tó dá mi dùbúlẹ̀ nílé mi ní Bólórí, ní Màídúgùrì, láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé kò fẹ́ fi mí sílẹ̀. Nígbà mìíràn n kì í mọ̀ bóyá mo sùn ni tàbí mo lajú sílẹ̀. Eruku ọyẹ́ a gba ojú fèrèsé wọlé, gbogbo yàrá a funfun, màá sì rí i pé mo tún ti wà nínú gbọ̀ngàn kan tí àwọn obìnrin jókòó sí. Ẹnu wọn ń lọ, ohùn kò jáde. Gbogbo wọn kọjú sí mi, wọ́n ń retí kí n bá àwọn sọ ọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi tiẹ̀ ti ju ogún ọdún lọ.

Tàwàkálítù ni orúkọ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Màídúgùrì ni wọ́n bí mi sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Láyé ìjọba ológun, nígbà tí mo ń lọ sí yunifásítì láti ilé ọkọ, ìjọba gbé ètò kan dé. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé fún àwọn obìnrin ní àdúgbò, níbi tí wọn yóò ti máa kọ́ ìwé kíkà àti iṣẹ́ ọwọ́, kí obìnrin lè dá dúró láwùjọ bí ọkùnrin. Ètò gidi ni, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ mi bú u. Wọ́n tiẹ̀ rán Ìyáàfin Olúrẹ̀mí wá láti Èkó pé kó bi àwọn obìnrin àdúgbò Gomari léèrè bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ilé náà. Ìjọba wo ló máa ń kọ́kọ́ béèrè? Ìyáàfin náà kò gbọ́ Hausa. Nígbà tó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi, inú rẹ̀ dùn, ó ní ọmọ ilé wa rèé, kò sì wá ògbufọ̀ mìíràn mọ́.

Yágánà ni àwọn obìnrin náà fi ṣe agbẹnusọ. Kànúrí ni, opó ni, òun àtàwọn obìnrin inú agboolé ló ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sára fìlà tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń dé. Ọkọ àwọn obìnrin ibẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n jáde lójú mọmọ. Lẹ́yìn ìrun alẹ́ ni wọ́n ń gba ọ̀nà kọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé lọ kí ara wọn. Nítorí náà, ohun tí Yágánà bẹ̀bẹ̀ fún kò le rárá: kí ilẹ̀kùn ilé náà kọjú sí ọ̀nà kọ̀rọ̀ yẹn, kí wọ́n sì máa ṣí i lẹ́yìn ìrun alẹ́.

"Bí wọ́n bá ṣe èyí, kò sí ọkọ tí yóò rí nǹkan wí," ó wí fún mi ní Hausa. "Fálmátà ọmọ mi náà yóò mọ̀wé kà. Bá wa sọ ọ́ dáadáa, ọmọ mi."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mùíbì ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù òwú àti abẹ́rẹ́ létí títì Gomari. Ó ti sọ fún mi nídìí oúnjẹ pé bí ilé náà bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa, obìnrin wo ni yóò tún lọ ra òwú níbòmíràn? Mo rẹ́rìn-ín. N kò gbà, n kò kọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyáàfin Olúrẹ̀mí yíjú sí mi, mo ní etí títì ni wọ́n fẹ́, ní òwúrọ̀, kí gbogbo ayé lè rí i pé àwọn náà ń ṣe nǹkan. Ó rẹ́rìn-ín. Yágánà rí ẹ̀rín rẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín. Mùíbì ti kú, kí Ọlọ́run forí jì í, n kò lè di ẹ̀bi rù ú. Ahọ́n tèmi ló ṣiṣẹ́.

Wọ́n kọ́ ilé náà, ó funfun, ó rẹwà. Obìnrin kan ṣoṣo kò wọ ibẹ̀. Àwọn ọkọ wo ilẹ̀kùn tó kọjú sí àwọn mẹkáníìkì etí títì, wọ́n mi orí, wọ́n kọjá. Àwọn olùkọ́ a jókòó tòògbé títí di ọ̀sán. Bí mo bá ń kọjá nínú oòrùn, ilé náà a dà bíi pé kò kanlẹ̀, bíi pé afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé e lọ. Òwú wa pàápàá kò tà. Yágánà bi mí léèrè ohun tó fà á, mo ní ìjọba kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ó gbà mí gbọ́.

Èyí tó burú jù ló kù. Ìyáàfin Olúrẹ̀mí padà wá. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó ní kí n bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn ṣe tí kò dára. Yágánà ní kò sí aburú kankan, ilẹ̀kùn nìkan ni. Kí wọ́n dí ti iwájú, kí wọ́n lu òmíràn sẹ́yìn, àwọn fúnra àwọn yóò ru amọ̀ rẹ̀. Ó tán. Bí mo bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìyáàfin á béèrè pé ta ló wá ní etí títì ni wọ́n fẹ́? Àṣírí mi ni mo ń bò.

"Mà," mo wí, "wọ́n ní ẹ̀sìn àwọn kò gbà á. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ mọ́."

Mùsùlùmí ni èmi náà, ẹ̀sìn mi ni mo fi bo irọ́ mi. Ìyáàfin Olúrẹ̀mí ní ó mà ṣe o, obìnrin tí kò fẹ́ ire fún ara rẹ̀. Yágánà di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní, "Allah ya saka da alheri," pé kí Ọlọ́run fi ire san án fún mi. Ó rò pé mo ti bá òun sọ ọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Wọ́n kó àwọn olùkọ́ lọ sí ìlú mìíràn, ewúrẹ́ sì gba ilé.

Nígbà tí ibà yìí rọlẹ̀ díẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ Nàpẹ́ẹ̀pù lọ sí Gomari. Yágánà ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Hausa ti lọ kúrò lórí rẹ̀, Kànúrí ìgbà èwe rẹ̀ nìkan ló kù, n kò sì gbọ́ Kànúrí. Fálmátà jókòó sáàárín wa, òun tí kò mọ̀wé kà títí dòní. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ ní Hausa, omijé ń dà lójú mi, mo ní kó bá mi sọ fún ìyá rẹ̀. Ojú Fálmátà kò yí padà. Nígbà tí mo parí, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré fún ìyá rẹ̀ ní Kànúrí. Yágánà rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ pa mí lọ́wọ́, ó ń ṣàdúrà fún mi.

Mo bi Fálmátà pé kí ló sọ fún wọn.

"Mo ní ẹ wá kí wọn ni," ó wí.

N kò lè bínú sí i. Bóyá ó ṣàánú ìyá rẹ̀ ni, bóyá ó fìyà jẹ mí ni, n kò mọ̀. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ gbọ́ èdè méjì, bí ẹnìkan bá fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí yín lẹ́nu, ẹ bá a gbé e délé bó ṣe wà. Ẹ forí jì mí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì gbọ́ Kànúrí, ẹ jọ̀wọ́, kó tètè bá mi lọ sí Gomari, kó sọ fún Yágánà ohun tí mo sọ, bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an.