Nọ́ńbà Tí Mo Fi Sẹ́nu Ọlọ́run

Ẹ má ṣe kígbe Halelúyà. Ẹ̀rí tí mo jẹ́ níwájú pẹpẹ yìí lọ́dún tó kọjá ni mo wá bì jáde, nítorí ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́, dókítà sì ní n kò ní bá yín ṣọdún tuntun. Irọ́ ni ẹ̀rí yẹn, odindi irọ́!

Ẹ mọ iṣẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń pe èmi Láolú ní Pròf. Inú ìràwọ̀ ń hó bí ògì lórí iná, híhó yẹn ló ń mú kí ara rẹ̀ máa gbọ̀n. Èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mi, Fúnlọ́lá, tó máa ń kọrin níbí tẹ́lẹ̀, la jọ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò híhó náà, ká lè mọ̀ bóyá yóò bá gbígbọ̀n tí awò ìràwọ̀ rí mu. Kò bá a mu. Ni mo bá mú nọ́ńbà kan nínú ìṣirò náà, mo ń yí i sókè, mo ń yí i sódò, títí gbogbo rẹ̀ fi ṣe rẹ́gí. Ojú ò tì mí!

Fúnlọ́lá wá bá mi nílé ní Bruma, ní Joburg níbí. Ó ní, “Eish, Pròf, mo fi nọ́ńbà yín dán àwọn ìràwọ̀ mìíràn wò, it doesn't work. Ẹ kàn fi tipátipá mú un ni, sà.”

Inú bí mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo gba máíkì, mo ní Ẹ̀mí ló fi nọ́ńbà náà hàn mí lójú àlá. Mo mọ̀ pé nínú ìjọ wa, kò sẹ́ni tí í pe ẹlẹ́rìí ní òpùrọ́. Ni ẹ bá jó! Fúnlọ́lá nìkan ló dìde pé, “Ẹ̀yin ará, kì í ṣe àlá.” Ìyá Ìjọ Roseline ní, “Ṣé Ẹ̀mí Mímọ́ lò ń bá jà?” Wọ́n sì bọ́ sùtánà akọrin lọ́rùn rẹ̀.

Èyí tó burú jù ń bọ̀. Mo tẹ nọ́ńbà náà jáde nínú ìwé ìwádìí, àwọn onímọ̀ òkè òkun já a nírọ́, yunifásítì wá bi mí pé ta ló ṣe é. Mo ní Fúnlọ́lá ni. Níbí, Ọlọ́run ló ni ín. Lọ́hùn-ún, mo gbé e ka ọmọ ọlọ́mọ lórí. Ẹ̀yin tí ẹ fetí ara yín gbọ́ ẹ̀rí mi, ta ló gbẹnu sọ fún un nínú yín? Wọ́n lé e ní yunifásítì, ìwé ìgbélùú tó fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbà sì kú. Ní oṣù kẹfà ọdún yìí, tí àlejò Ife Àgbáyé bọ́ọ̀lù ń wọ Joburg tìlù tìfọn, ni ọmọ náà ń sunkún padà sí ìlú wa.

Mo ti jẹ́wọ́ fún yunifásítì lánàá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀. Ẹ má fi Ọlọ́run bò ó. Fúnlọ́lá, nílé lọ́hùn-ún tí o wà, dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Ìyá Ìjọ, ẹ má tíì gbé ọwọ́ àdúrà lé mi lórí. Sùtánà rẹ̀ ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín. Ẹ lọ gbé e wá, ká fi ránṣẹ́ sí i.